Túùkú Nínú Oko: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Yọ́ Tọ̀ Ọ́ Pẹ̀lú Ọrun àti Ọfà



Nínú àwọn ẹranko tí ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ ni ó burú tó túùkú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ọ̀yà a máa gé àgbàdo, ọ̀bọ a sì máa ṣá a, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá jẹ ni wọ́n bà jẹ́. Ti túùkú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbo rẹ̀ bá wọ oko gbágùúdá ní òru, kì í ṣe èyí tí ó jẹ nìkan ni ó ń dun àgbẹ̀, bí kò ṣe èyí tí ó fi imú hú sílẹ̀ tí kò jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ebè ti túká, iṣu ti di àjẹkù, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ sì ti ṣòfò láàárín wákàtí mélòó kan.

Ìbọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdẹ wa ń lò nísinsin yìí. Ṣùgbọ́n kí ìbọn tó dé, ọrun àti ọfà ni àwọn baba wa fi ń dọdẹ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọrun àti ọfà ni àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, níhìn-ín àti ní ilẹ̀ Bràsíìlì àti Kúbà níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé e dé. Ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àwọn ará Hadza tí ń gbé ní àyíká adágún Eyasi ṣì ń fi ọrun dọdẹ títí di òní. Ọrun kì í ná ni ní ẹ̀tù, kì í sì í dún kí gbogbo igbó gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tí ó bá fi í ta túùkú láìmọ ohun tí ó ń ṣe yóò dá ẹran lóró lásán, ó sì lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàfàlà.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí: agbára ọrun kò sí nínú apá tí ń fà á nìkan; inú sísún mọ́ ẹran àti inú sùúrù ni ó wà. Gbogbo ohun tí a ó sọ, orí èyí ni ó dúró lé.

1. IRÚ ẸRANKO TÍ TÚÙKÚ JẸ́

Oríṣi ẹlẹ́dẹ̀ igbó méjì ni ó wà ní agbègbè wa, ó sì yẹ kí a lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ni túùkú. Ẹran igbó dídí àti etí odò ni. Irun ara rẹ̀ pupa, ìlà funfun kan gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn lọ sí ìdí, àmì funfun wà ní ojú rẹ̀, ìdì irun gígùn sì wà ní ṣóńṣó etí rẹ̀ méjèèjì. Àgbà túùkú a máa wọn láti kílò 45 dé 115. Gíga rẹ̀ ní èjìká kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ. Èkejì ni ìmàdò, ẹran ilẹ̀ ọ̀dàn, irú èyí tí ó wà ní ìhà àríwá Ọ̀yọ́. Ara tirẹ̀ rí bí eérú, irun rẹ̀ kò pọ̀, kókó yọ ní ojú rẹ̀, eyín rẹ̀ gùn ó sì ká sókè. Ọ̀sán ni ìmàdò ń jẹ̀, a máa kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ iwájú bí ó bá ń jẹ koríko, inú ihò ni ó sì ń sùn ní òru. Orúkọ méjèèjì lè yí padà láti ìlú kan dé èkejì. Nítorí náà, àwọ̀ àti ìṣe ẹran ni kí a fi dá a mọ̀. Túùkú ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, nítorí òun ni àgbẹ̀ inú igbó ń bá pàdé jù.

Túùkú kì í sábà dá rìn. Agbo ni wọ́n ń kó, akọ àgbà kan a sì wà pẹ̀lú àwọn abo àti àwọn ọmọ. Oyún abo tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin, a sì máa bí ọmọ kan sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń mọ àwọn ọmọ kékeré nípa ìlà tí ó gba ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Oúnjẹ wọn ni gbòǹgbò, iṣu, èso tí ó já sílẹ̀, kòkòrò, ìgbín, ẹyin, àti òkú ẹran pẹ̀lú. Níbi tí ènìyàn bá ti ń dọdẹ wọn, inú òru ni wọ́n ń jẹ̀. Ní ọ̀sán wọn a wọ inú igbó dídí lọ sùn. Àárín méjì yìí ni ọdẹ ọlọ́run ti ní àǹfààní: ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jí jáde, àti ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sí ibùsùn. Ẹni tí ó bá ń lo ọrun kò gbọdọ̀ ta ohun tí ojú rẹ̀ kò rí kedere, nítorí náà kí ó má ṣe lọ ní òru.

Ojú túùkú kò ríran jìnnà. Bí ènìyàn bá dúró láìmira, túùkú lè wò ó kí ó má mọ̀ pé ènìyàn ni. Etí rẹ̀ mú ju ojú lọ. Ṣùgbọ́n imú ni ó gbẹ́kẹ̀ lé jù. Imú tí ó ń gbọ́ òórùn iṣu lábẹ́ ilẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́ òórùn ènìyàn nínú afẹ́fẹ́.

2. ÀMÌ TÍ Ó Ń FI SÍLẸ̀

Kí a tó mú ọrun jáde rárá, ó yẹ kí a fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ bí agbo náà ti ń rìn. Ojú ẹsẹ̀ túùkú ní pátákò ńlá méjì. Níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀, àmì èékánná kékeré méjì ti ẹ̀yìn a tún hàn. Ó fẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yí ju ti ẹtu lọ. Ibi tí ó bá fi imú hú dà bí ibi tí a fi ọkọ́ tú láìgba ìlànà. Ẹ tún wá àbàtà tí wọ́n ti ń yí, àti igi tí wọ́n ń fi ara nù ní ẹ̀bá rẹ̀. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ga dé lára igi yóò sọ bí ẹran náà ti tóbi tó.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá àmì náà tuntun nìwọ̀nyí. Bí etí ojú ẹsẹ̀ bá ṣì dúró ṣánṣán tí ilẹ̀ inú rẹ̀ sì dúdú fún omi, kò tíì pẹ́. Bí ó bá ti ń ya sílẹ̀ tí ó sì ti funfun, ó ti pẹ́. Bí ìrì bá wà lórí koríko yíká ṣùgbọ́n tí kò sí ní ojú ọ̀nà tí ẹran gbà, lẹ́yìn ìrì ni ó kọjá. Bí òjò bá ti lu ojú ẹsẹ̀ náà, ṣáájú òjò ni. Bí omi àbàtà bá ṣì dàrú, ẹ rọra, nítorí ẹran náà kò jìnnà.

Ẹ tọ ojú ẹsẹ̀ náà láti inú oko jáde kí ẹ lè mọ ibi tí agbo ń gbà wọlé, nítorí wọn a máa tún ọ̀nà kan náà gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ inú igbó dídí tí wọ́n ń sùn sí. Bí wọ́n bá gbọ́ òórùn yín níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè kó kúrò, kí ìṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì di asán.

3. ỌRUN, ỌṢÁN ÀTI ỌFÀ

Àwọn baba wa a máa fi oró pa ẹnu ọfà. Ọ̀kan nínú irú oró bẹ́ẹ̀ wá láti inú hóró igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus. Ọkàn ẹran ni ó ń mú, láti ara rẹ̀ náà ni àwọn oníṣègùn òyìnbó sì ti rí oògùn ọkàn kan. Nítorí pé oró ni ó ń pa ẹran, ọrun wọn kò ní láti le púpọ̀, ẹnu ọfà wọn a sì kéré, a ní ìkọ́ kí ó lè dúró nínú ẹran. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo oró mọ́. Ọgbẹ́ kékeré ní ọwọ́ ọdẹ lè di ọ̀nà ikú, ọfà tí ó sọnù sínú oko sì lè gún ọmọ tàbí ẹran ọ̀sìn.

Ọfà tí kò ní oró ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn: gígé ni ó ń gé, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sì ni ó ń pa ẹran. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Èkíní ni agbára ọrun. Ẹ fi okùn so ibi tí a ń dì mú nínú ọrun mọ́ ẹ̀ka igi, kí ọṣán kọjú sí ilẹ̀. Ẹ so garawa mọ́ àárín ọṣán, kí ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ọṣán yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ẹ máa ń fà á dé. Lítà omi kan wọn kílò kan. Bí omi náà àti garawa bá tó kílò 20 sí 25, ọrun náà tó fún túùkú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbé e tọ ẹran ńlá lọ.

Èkejì ni ọfà. Kí ọ̀pá rẹ̀ gún régé, kí ó sì wúwo díẹ̀, nítorí ọfà tí ó fúyẹ́ jù a máa yára ṣùgbọ́n kì í wọlé jinlẹ̀. Kí alágbẹ̀dẹ rọ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ó ní ojú méjì, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, kí ó má sì ní ìkọ́. Ẹ pọ́n ọn títí yóò fi lè fá irun apá. Ọfà tí ó kú kì í gé iṣan ẹ̀jẹ̀. A kàn máa tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan ni.

Ẹ̀kẹta ni ọṣán. Àwọn àgbà ní bí ọṣán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì mú òmíràn dání. Ẹ so ìdì òwú tàbí irun ẹran díẹ̀ mọ́ ọn ní ìtòsí ìkángun méjèèjì, kí ìró rẹ̀ lè dínkù.

Ìró yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ìró ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà tí ó ti inú irú ọrun yìí jáde kì í sábà ju mítà 45 lọ. Èyí ni pé túùkú ti gbọ́ ọṣán kí ọfà tó dé. Bí ó bá wà ní mítà 15, ọfà yóò bá a kí ó tó yí ara padà. Bí ó bá wà ní mítà 40, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ní láti fò, ibi tí a fojú sùn kọ́ sì ni ọfà yóò bá a. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé mítà 15 ni ó dára jù, kí a má sì ṣe ta ọfà bí ó bá ju 20 lọ.

Kí àgbẹ̀ tó lọ sí igbó, kí ó di koríko gbígbẹ sínú àpò, kí ó gbé e sí mítà 15, kí ó sì fi àmì sí i tí kò fẹ̀ ju awo ìjẹun lọ. Bí mẹ́sàn-án nínú ọfà mẹ́wàá kò bá bọ́ sínú àmì náà, kò tíì yá.

4. AFẸ́FẸ́ NI OLÚDARÍ

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó mọ ẹsẹ̀ gbé, tí kò sì rí ẹran rí, nítorí pé kò náání afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ máa ti ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ wá bá wa, tàbí kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí ó bá ń ti ẹ̀yìn wa fẹ́ lọ bá ẹran, ẹ padà sí ilé; kò sí ọgbọ́n mìíràn tí ó lè tún un ṣe.

Ẹ di eérú kíkúnná sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ìgbànú. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n díẹ̀, eérú náà yóò fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ hàn, àní bí kò tilẹ̀ tó èyí tí ewé fi lè mì. Ẹ máa ṣe èyí ní gbogbo ìṣísẹ̀ mélòó kan, nítorí afẹ́fẹ́ inú igbó a máa yí padà. Níbi tí ilẹ̀ bá dagun, ó ní ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé: ní ìrọ̀lẹ́ bí ilẹ̀ bá ń tutù, afẹ́fẹ́ a máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lọ sí àfonífojì, ní òwúrọ̀ bí oòrùn bá ti mú, a máa gòkè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ túùkú ní ẹ̀bá odò ní ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ ti òkè bọ̀.

Ẹ má ṣe fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀ ní ọjọ́ náà, ẹ má mu sìgá tàbí tábà, ẹ má sì wọ aṣọ tí ó ti gba èéfín ilé ìdáná.

5. YÍYỌ́ TỌ̀ Ọ́

Ọjọ́ tí ó dára jù ni òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò. Ewé ilẹ̀ ti rọ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ kì í sì í dún. Ní àkókò ọyẹ́, gbogbo ewé a máa pariwo bí ẹni jẹ gúgúrú. Ẹ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nígbà náà dípò kí ẹ máa rìn. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kí ẹsẹ̀ lè mọ igi gbígbẹ kí ó tó ṣẹ́ ẹ, kí ejò má sì rí ihòòhò ẹsẹ̀ bù jẹ.

Ènìyàn méjì tó. Kí àwọn ará ilé àti àwọn tí oko wọn sún mọ́ tiyín mọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó padà. Bí ẹ bá gbúròó agbo tí ń jẹ, ẹ dúró ná. Túùkú tí ń jẹun kì í dákẹ́: ó ń hú ilẹ̀, ó ń run nǹkan lẹ́nu, wọ́n sì ń kùn sí ara wọn. Ariwo ẹnu wọn yìí ni yóò bo ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jẹ. Ẹ dúró gbọnin nígbà tí wọ́n bá dákẹ́. Bí ọ̀kan bá gbé orí sókè, ẹ má mira, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan wà ní òkè. Kò burú bí mítà 30 tí ó kẹ́yìn bá gbà yín ní wákàtí kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ẹ tó fa ọrun, ẹ ka agbo náà. Kì í ṣe ẹran tí ẹ ń wò nìkan ni ó ní imú. Ẹni tí ó bá fi ojú sí akọ ńlá kan, tí abo mìíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìmọ̀, yóò kàn gbọ́ ìkùn kan ni, gbogbo wọn a sì fọ́n ká. Ẹ má ṣe ta abo tí àwọn ọmọ onílà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ náà yóò kú ní ìkúkú ebi, abo a sì máa bínú ju akọ lọ nígbà náà.

6. IBI TÍ A Ó TA Á SÍ

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró túùkú wà ní ìsàlẹ̀ àti ní iwájú ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Irun gígùn tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ń mú kí ara rẹ̀ ga lójú, ẹni tí ó bá fojú sùn àárín ara a máa ta á sí ikùn. Ẹ pín gíga ara rẹ̀ sí mẹ́ta. Ìdá kan ti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú gan-an, ni kí ọfà wọ̀.

Kí ẹran fi ẹ̀gbẹ́ kọ yín, tàbí kí ó kọ ẹ̀yìn díẹ̀ sí yín, kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ti yọ síwájú. Ẹ má ṣe ta á bí ó bá kọjú sí yín, nítorí egungun orí àti ti àyà yóò dá ọfà padà, ẹ̀yin ni yóò sì kọ́kọ́ rí. Ẹ má ṣe ta á bí ewé tàbí ìtàkùn bá wà láàárín, nítorí ewé tín-ín-rín lè yí ọfà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ààyè kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Túùkú tí ó lọ láìfarapa yóò padà ní ọjọ́ mìíràn. Èyí tí ó lọ pẹ̀lú ọfà ní ikùn yóò kú sínú igbó, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní.

7. LẸ́YÌN TÍ ỌFÀ BÁ TI JÁDE

Ibí yìí ni ewu wà jù, nítorí ayọ̀ a máa mú ọdẹ sáré. Ẹ má sáré. Ẹ dúró sí ojú kan náà, ẹ wo igi tí ẹran náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì tẹ́tí sí ibi tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ parí sí. Ó kéré tán, ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹran tí a kò lé a máa tètè dùbúlẹ̀, a sì kú níbẹ̀. Èyí tí a bá lé a máa sáré jìnnà pẹ̀lú agbára ìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pupa yòò tí ó sì ní ìfófó, ẹ̀dọ̀fóró ni ọfà bà. Ẹran náà kò ní jìnnà. Bí ó bá dúdú tí ó sì ki, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀; ẹ dúró fún wákàtí méjì sí i. Bí ó bá ní omi aláwọ̀ ewé tàbí òórùn oúnjẹ, àpòlúkù tàbí ìfun ni. Ẹ padà sẹ́yìn ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Lóòótọ́ ooru ilẹ̀ wa lè ba ẹran jẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹran bàjẹ́ ju kí ẹni bàjẹ́ lọ.

Bí ẹ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kí ẹnì kan máa wo ilẹ̀, kí èkejì máa wo iwájú pẹ̀lú ọfà lórí ọṣán. Ẹ fi ewé sàmì sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí kẹ́yìn wà. Ẹ máa fi ojú yan igi tí ẹ lè gùn bí ẹ ti ń lọ. Ẹ má ṣe wọ inú ìtàkùn dídí ní ìkúnlẹ̀ tọ túùkú tí ó farapa. Eyín rẹ̀ mú, itan ènìyàn sì ni gíga rẹ̀ bá dọ́gba, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà. Bí ó bá gé ènìyàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè rán an, kí wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

8. ẸRAN TÚÙKÚ ÀTI ẸLẸ́DẸ̀ INÚ ILÉ

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fetí sí apá yìí dáadáa. Àrùn kan wà tí a ń pè ní ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ara ẹlẹ́dẹ̀ igbó láìjẹ́ pé ó ṣe ẹran náà ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ilé, ibà líle a mú wọn, wọn kò ní jẹun, etí àti ikùn wọn a pọ́n, púpọ̀ nínú wọn a sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn. Kì í ran ènìyàn. Ní ọdún 1997 ó jà ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó, ó sì tún jà níbẹ̀ ní ọdún 2020 títí kan ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tí ó wà ní Òkè-Àró. Kíkó ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran rẹ̀ kiri ni ó ń tàn án kálẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan ṣoṣo lè dá iná tuntun sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a ba ìlú jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òtítọ́ níhìn-ín.

Nítorí náà:

(a) Inú igbó ni kí ẹ ti kun túùkú, kì í ṣe ní ilé.
(b) Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, kí ẹ sì bo ìfun, ẹ̀jẹ̀ àti awọ mọ́lẹ̀ níbẹ̀.
(d) Ẹ fọ ọ̀bẹ, bàtà àti aṣọ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, kí ẹ sì wẹ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yín.
(e) Ẹ má ṣe fi egungun, àjẹkù tàbí omi tí ẹ fi fọ ẹran náà fún ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ajá.
(ẹ) Ẹ sè é jinná dáadáa. Aràn lè wà nínú ẹran túùkú, èéfín nìkan kì í sì í pa á.
(f) Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń kú lójijì ní ọgbà yín, ẹ má tà á, ẹ má pín in fún aládùúgbò. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran ní kíá.

9. ÒFIN, ÀTI OHUN TÍ ỌRUN KÒ LÈ ṢE

Ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí a sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè dọdẹ. Òfin yóò mú ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọrun ni ó gbé. Bí ilẹ̀ yín bá sì bá igbó ọba pààlà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ààlà.

Ẹ má sì rò pé ọrun nìkan yóò gba oko là. Ẹni tí ó pa túùkú kan nínú agbo mẹ́wàá ti dín ìyà kù, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ṣì kù. Ẹ ro igbó tí ó yí oko ká, kí wọ́n má rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ fi igi líle ṣe ọgbà yí ibi tí iṣu wà ká, kí ẹ sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, nítorí abẹ́ ọgbà ni túùkú ń hú wọlé. Ẹ tètè kórè ohun tí ó bá ti gbó. Kí àwọn tí oko wọn wà pọ̀ ní ibì kan máa pín ìṣọ́ ṣe láàárín ara wọn. Ariwo àti iná ní òru kan lè ṣe ju ọfà mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pinnu láti lọ, kí ó lọ bí a ti là á sílẹ̀: kí ó kọ́kọ́ mọ ẹran, kí ó tẹ̀ lé afẹ́fẹ́, kí ó sún mọ́ ọn, kí ó ta ọfà kan ṣoṣo sí ibi tí ó tọ́, kí ó sì jókòó. Bí ohun kan bá ṣókùnkùn sí yín nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ tọ òṣìṣẹ́ tí ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní agbègbè yín lọ, inú rẹ̀ yóò dùn láti là á yé yín.

Oko á gbè yín o.